Ẹni Tí Bọ́ọ̀lù Kò Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tó ń yà sílé mi ní Odò-Orò láti bi mí pé iṣẹ́ wo ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́, ẹ jókòó ná. Ẹni tẹ́ ẹ wá bá yìí, bọ́ọ̀lù ọmọdé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Mi ò gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rí, mi ò sì ní ife ẹ̀yẹ tí mo lè gbé sórí tẹlifíṣọ̀n fún àlejò láti wò. Àwọn ọmọ kéékèèké ni mo kọ́, láti Òkè-Àkò títí dé Ọyẹ́, láti ìgbà tí irun mi ti dúdú títí tó fi rí bí ẹ ṣe ń wò ó yìí. Ẹni tó bá ń retí owó nínú ìtàn yìí, kó tètè máa lọ sílé. Owó oṣù olùkọ́ ni mo ń gbà, ẹ̀yin náà sì mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Títí ìyá mi fi kú ló ń bi mí pé, "Ṣé uṣẹ́ nìyí?" Bẹ́ẹ̀ là ń pe iṣẹ́ nílé wa. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá a lóhùn, torí èmi náà ń bi ara mi.

Ohun tó dá mi dúró nídìí ẹ̀ ni pé mo fẹ́ràn àtimọ ìdí nǹkan. Bí ọmọ bá ń sáré bí ehoro lójú ọ̀nà oko, tó wá dé orí pápá tó dúró gbagidi, mo fẹ́ mọ ohun tó dá a dúró. Ìyàwó mi ní bí mo bá débi òkú, màá bi òkú pé kí ló pa á. Kò parọ́ mọ́ mi. Ìbéèrè kan wà tí ọmọ kan fi sílẹ̀ fún mi, tó há mi lọ́fun fún ọ̀pọ̀ ọdún. A máa débẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ìkọ̀lé, ẹni tó ń bójú tó eré ìdárayá níbẹ̀ ni Tíṣà Fálùyí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín, ṣòkòtò kaki rẹ̀ sì máa ń le ganrangan bí ẹni pé pákó ni wọ́n fi rán an. Èmi ti gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́, mo sì rò pé kò sóhun tẹ́nikẹ́ni tún fẹ́ kọ́ mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé pápá, mo ti so fèrè mọ́ ọrùn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó bọ́ fèrè náà lọ́rùn mi, ó fi sápò ara rẹ̀. Ó ní kí n lọ dúró sẹ́yìn òpó góòlù, kí n máa ṣa bọ́ọ̀lù tó bá wọ oko ẹ̀gẹ́ ilé ìwé.

Mo rò pé fún ọjọ́ kan ni. Odindi sáà ẹ̀kọ́ kan ni. Ọparun ni òpó góòlù wa nígbà yẹn, kò sí àwọ̀n nídìí ẹ̀, kò sì sí bọ́ọ̀lù tí kì í wọ inú ẹ̀gẹ́. Èmi tíṣà, tòun ti bàtà dídán, ni mò ń wọ inú oko tí mò ń jáde bí ewúrẹ́, tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Bí eré bá parí, Tíṣà Fálùyí á kó gbogbo wa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, á máa bi àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Kí lo rí?" Kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo dáhùn kíá.

"Mo rí bọ́ọ̀lù, sà," mo ní, mo sì ti fẹ́ máa ṣàlàyé ẹni tó gbá a dáadáa.

Ó gbọ́wọ́ sókè. "Ajá tó ń kọjá lọ náà rí bọ́ọ̀lù. Ta ni bọ́ọ̀lù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n padà sẹ́yìn òpó lọ́jọ́ kejì. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti ń yọ mí lẹ́nu lọ́nà mìíràn: lóòótọ́, ta ni bọ́ọ̀lù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Mo bá mú ojú mi kúrò lára bọ́ọ̀lù. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ kan, ó nira ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí bọ́ọ̀lù á máa fa ojú yín mọ́ra ni. Mo wá rí ọmọ kan tó ń bá wọn sáré káàkiri, àmọ́ tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, á yí ẹ̀yìn sí i. Mo bi í. Ọkọ́ ló ti bù ú lẹ́sẹ̀ lóko iṣu bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ káwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́. Mo rí òmíràn tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù láìkọ́kọ́ wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí mo ròyìn wọn fún Tíṣà Fálùyí, "Hùn" lásán ló wí. Ẹni tó bá mọ ọkùnrin yẹn á mọ̀ pé oríyìn ńlá ni. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, ó nawọ́ fèrè mi sí mi.

Àṣà kan tún wà tí mo bá lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́sì wa kò kárí. Nítorí náà, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé á sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á bọ́ jẹ́sì ọrùn rẹ̀, á fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ fún ẹnì kan lára àwọn tó jókòó, onítọ̀hún á sì wọlé dípò rẹ̀. Ẹni tó gbá a wọlé ló máa yan ẹni tó máa wọ̀ ọ́ fún, tíṣà kì í dá sí i. Ẹni tó bá ti jáde kò tún ní wọlé mọ́. Tíṣà Fálùyí ní inú ẹni yẹn ṣáà ti dùn tán, kó wá ẹlòmíràn tí inú rẹ̀ máa dùn. Ìyà ojú pápá tó ti ibẹ̀ jẹ wá kò kéré. Ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù á ti jáde kí eré tó gbóná, àwọn tó kù á sì máa gba góòlù sínú. Àwọn ará Ayébọ̀dé sọ wá ní Ẹgbẹ́ Abọ́ṣọ. Bá a bá ti ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n á ní kí ẹ fi ẹ̀wù yín pamọ́ o, àwọn abọ́ṣọ ti dé.

Tíṣà Fálùyí fẹ̀yìn tì, ó kú, iṣẹ́ náà di tèmi. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Bọ́ọ̀lù aláwọ tí mo bá níbẹ̀, okùn la fi ń dì í lẹ́nu bíi bàtà, bí òjò bá sì pa á, á wúwo débi pé ẹni tó bá fi orí kàn án á dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Bó bá jò, ọ̀dọ̀ fọkanáísà la ń gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù oníke dé, ẹ̀gún kan péré ló ń pa á. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti lókè òkun wá ń fi bàtà bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sílé, bàtà àgbà fún ọmọ kékeré, a ó máa ki akísà sí i lẹ́nu. Jẹ́sì náà kárí níkẹyìn, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Wọ́n bi mí pé ṣé a ò ní fi àṣà abọ́ṣọ sílẹ̀ báyìí. Mo ní rárá. Mo ti ń rí ohun tó ń ṣe fáwọn ọmọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lòun máa yan ẹni tó máa wọlé, kò ní lè ṣe kó má wo àwọn tó jókòó.

Ibẹ̀ la wà tí Délé fi dé. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní Odò-Orò níbí, bàbá rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń tọ́ ọ. Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn, mi ò rí irú ọmọ yẹn rí. Bọ́ọ̀lù máa ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Kúnlé, ọmọ tín-ín-rín kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ bọ́ọ̀lù rárá, àmọ́ tí kì í pa eré jẹ. Bàbá Kúnlé ń wakọ̀ l'Ékòó, ó sì máa ń pẹ́ gan-an kó tó yọjú sílé. Gbogbo ìgbà ni Kúnlé ń sọ pé bàbá òun ń bọ̀ wá wo òun. Àwọn tó kù ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ti sú wọn.

Lọ́dún kan, a dé ìdíje àṣekágbá àwọn ọmọ agbègbè wa, ìyàlẹ́nu ni fún àwa fúnra wa. Ìròyìn sì dé pé ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn tó ń ṣa ọmọ fún ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó bá mú, wọ́n á tọ́ ọ, wọ́n á rán an nílé ìwé, wọ́n á kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù títí tó máa fi dàgbà. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé nítorí Délé ló ṣe ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn òbí wá bá mi nílé. Wọ́n ní kí n fi àṣà abọ́ṣọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ìyá Délé kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó pẹ́ lórí pápá kí wọ́n lè rí i. Mi ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè fún un."

Ta ló máa kọ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn? Mo gbà. Mo pe gbogbo àwọn ọmọ láàárọ̀, mo sọ fún wọn. Mo mú Délé sápá kan, mo ní bó bá gbá a wọlé lónìí, kó má jáde o. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀sán Sátidé ni, pápá Ìkọ̀lé kún fọ́fọ́. Ọkùnrin Ìbàdàn náà jókòó sórí àga oníke, dígí dúdú lójú rẹ̀. Ojú mi ń ti ara bọ́ọ̀lù lọ sára rẹ̀, ó ń ti ara rẹ̀ padà sára bọ́ọ̀lù. Eré kò tíì gbóná tí Délé fi gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó gé ẹnì kan, ó gé èkejì, gólì wọn ṣubú sápá ọ̀tún, bọ́ọ̀lù gba òsì wọlé wẹ́rẹ́. Ariwo sọ. Ọkùnrin Ìbàdàn bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó dìde dúró. Ìyá Délé ń jó tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Mo ní ọpẹ́ ni f'Ólúwa, ayé ọmọ yìí ti dára.

Nígbà tí mo máa wojú pápá padà, Délé ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo juwọ́ sí i pé kó padà. Mo pe orúkọ rẹ̀. Kò wojú mi. Ó kọjá lára mi, ó bọ́ jẹ́sì ọrùn rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún Kúnlé, ó tì í wọlé, ó sì jókòó sáyè tí Kúnlé dìde.

Ẹnu gbogbo èèyàn yà sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n bá rẹfirí sọ̀rọ̀ kó lè padà wọlé, ó mi orí pé rárá. Kúnlé ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Ó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sẹ́sẹ̀ ẹni tiwa, ó wá dúró tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ife. Wọ́n nà wá. Ọkùnrin Ìbàdàn ní ohun tí òun rí lọ́wọ́ Délé kò tó, ó mú ọmọ kan lápá kejì, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Ìyá Délé la àárín èrò kọjá, ó wá dúró níwájú mi. Kò pariwo. Ó bi mí pé, "Kóòṣì, kí lẹ kọ́ ọmọ mi?"

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yẹn, kò sí eré tó parí tí mi ò kó àwọn ọmọ jókòó láti bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, yálà a borí tàbí wọ́n nà wá. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè ṣe é. Mo kó bọ́ọ̀lù sínú àpò, mo gun ọ̀kadà lọ sílé.

Kò pẹ́ tí ìyá Délé fi mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ l'Ádó. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lèmi àti obìnrin náà ń lọ, bí ìsìn bá sì ti parí, ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà jáde kó má baà pàdé mi. Ó dùn mí, àmọ́ ìbéèrè tó bi mí ló dùn mí jù. Kí ni mo kọ́ ọmọ náà? Ṣé mo ti kọ́ ọ láti máa sá fún ohun tó dára ni? Ṣé ẹ̀rù ló bà á? Ẹnì kan ti fi fóònù ya eré náà, mo tọrọ rẹ̀, mo wò ó títí ojú fi ń ta mí. Fóònù náà kò kúrò lára bọ́ọ̀lù. Bí Délé ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, ó ti kúrò nínú àwòrán. Mo ń bá iṣẹ́ lọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, àmọ́ nígbàkígbà tí ọmọ kan bá ń bọ́ jẹ́sì fún ẹlòmíràn, ìbéèrè ìyá Délé á tún sọ sí mi lọ́kàn.

Àsìkò òjò tó kọjá yìí ni orúnkún mi dá mi dúbúlẹ̀, wọ́n sì gbé mi lọ sí ọsibítù kan ní Ìdó. Wọ́n gbé ìjòyè kan wọ inú wọ́ọ̀dù wa lọ́jọ́ kejì, tòun ti ọmọ, tòun ti ìyàwó, gbogbo wọn ń pe nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò kọ́kọ́ wọlé. Ó dúró, ó rọra wo gbogbo wọ́ọ̀dù yíká, ó ní kí àwọn ará ilé ìjòyè fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wá rìn tààrà lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí kò pe ẹnikẹ́ni. Omi tí wọ́n ń fà sí bàbá náà lára ti ń gba ibi tí kò yẹ, ọwọ́ rẹ̀ ti wú. Àwa tá a jọ wà níbẹ̀ láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó rí i nínú wa. Mo mọ irú ìdúró yẹn, orí pápá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní in; mo wá wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo pe orúkọ rẹ̀.

Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, ìyá òun ló fi fóònù sọ fún òun pé kí òun máa bójú tó mi. Ẹ gbọ́ mi, ìyá rẹ̀! Nígbà tó tọ́jú àwọn tó kù tán, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò lè mú un mọ́ra.

Mo ní, "Délé, ṣé ó dùn ẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ sí?"

"Ó dùn mí, sà. Mo sunkún gan-an l'Ádó. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń rò ó."

"Kí ló dé tó o fi wá jáde?"

Ó wojú mi. "Kóòṣì, gbogbo ìgbà lẹ máa ń bi wá pé kí la rí. Ọjọ́ yẹn nìkan lẹ ò bi wá."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo dìde jókòó bí orúnkún mi ṣe ń pariwo tó, mo bi í bó ṣe yẹ kí n ti bi í láti ìgbà náà.

"Kí lo rí, ọmọ mi?"

Ó ní bí bọ́ọ̀lù ti wọlé tán, òun yíjú sọ́nà títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu ń fọn fèrè níbẹ̀ pe ẹnì kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ọkùnrin kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, báàgì ìrìn-àjò ní èjìká, ó ń wá ẹnì kan kiri nínú àwọn ọmọ tó wà lórí pápá, ó sì ń wẹ̀yìn wo ọkọ̀ náà. Ojú Kúnlé gan-an ló wà lójú rẹ̀. Òun wá wo ibi tí Kúnlé jókòó. Ó ti rí bàbá rẹ̀, ó sì dorí kodò, torí mo ti sọ fún wọn láàárọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa jáde lọ́jọ́ náà. Délé ní òun mọ̀ pé kí òun tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ yẹn á ti gbéra. Bàbá náà dúró títí Kúnlé fi gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo yẹn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó wá sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Bíríkìlà ni Kúnlé báyìí, Délé ní kò sí ọjọ́ tí wọ́n jọ jókòó tí kì í sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà.

Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì fi pamọ́. Gbogbo bí mo ṣe ń dá ara mi lẹ́bi pé mo ba ayé ọmọ jẹ́, ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe lójú mi, tí mi ò mọ̀. Délé rọra na ẹsẹ̀ mi, ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún. Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi, irú èyí tó máa ń rín bó bá fẹ́ gé èèyàn lórí pápá.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Kóòṣì? Kí lẹ rí lọ́jọ́ yẹn?"

Mo rántí igi máńgòrò, mo rántí Tíṣà Fálùyí tòun ti ṣòkòtò kaki rẹ̀.

Mo ní, "Mo rí bọ́ọ̀lù."